Àdéhùn Tí Wọ́n Fi Orúkọ Nàìjíríà Tọwọ́ Bọ̀ Kì Í Ṣe Àṣírí Ẹnikẹ́ni

Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì péré kí Super Eagles wàákò pẹ̀lú Gabon ní Rabat lórílẹ̀-èdè Morocco, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ̀, wọn kò jáde lọ gbára dì. Wọ́n ní owó tí wọ́n jẹ àwọn ti pẹ́ jù nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yanjú, wọ́n sì fi 4-1 na Gabon, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí awuyewuye náà fi ń lọ, ohun kan ló gbà mí lọ́kàn jù: kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa ní pàtó iye owó tí wọ́n ń torí rẹ̀ fa wàhálà. Ẹni tí ó gbè sẹ́yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù ń dárúkọ iye kan, ẹni tí ó gbè sẹ́yìn àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, ń dárúkọ òmíràn, kò sì sí ìwé kankan níta tí aráàlú lè yẹ̀ wò kí ó fi mọ ẹni tí ó ń sọ òtítọ́.

Èrò tèmi nìyí. Gbogbo àdéhùn tí àjọ eré ìdárayá kan bá tọwọ́ bọ̀ ní orúkọ orílẹ̀-èdè, yálà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aṣọ eré ni o, tàbí pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ tí ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára pátákó, tàbí pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó yẹ kí aráàlú lè kà á. Ó sì yẹ kí iye àjẹmọ́nú tí agbábọ́ọ̀lù yóò gbà bí a bá borí, tàbí bí a bá ta ọ̀mì, wà lákọsílẹ̀ ní gbangba kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹnì kan ń gbà ní kíláàbù rẹ̀, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ bàtà kan ń san fún òun nìkan, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, n ó sì dé ibẹ̀.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin ni ìwà bòńkẹ́lẹ́ yìí ti pa lára jù. Ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní South Africa, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ní àwọn kò ní padà sílé àfi bí owó àwọn bá tẹ àwọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2019, lẹ́yìn tí Jámánì fi 3-0 lé wọn kúrò nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Grenoble, wọ́n tún jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì nílẹ̀ Faransé nítorí àjẹmọ́nú tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2016 ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ní Yaoundé ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá, wọ́n gbé pátákó lọ́wọ́, wọ́n forí lé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja, lọ́jọ́ náà gan-an tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ka àbá ètò ìṣúná ọdún 2017. Nínú ilé, wọ́n ń ka bí ìjọba yóò ṣe ná tírílíọ̀nù náírà tí ó lé ní méje, tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sì ń gbé e sí gbogbo ayé létí. Níta, àwọn tí wọ́n gbé ife wálé ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n jẹ wọ́n fún àwọn oníròyìn tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi wádìí rẹ̀. Owó gbogbo Nàìjíríà ṣeé kà sí aráàlú létí, àjẹmọ́nú ikọ̀ kan ṣoṣo kò ṣeé kà.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023. Kí ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ ní Australia àti New Zealand, FIFA fúnra rẹ̀ ti kéde pé agbábọ́ọ̀lù tí ikọ̀ rẹ̀ kò bá kọjá ìpele àkọ́kọ́ yóò gba 30,000 dọ́là, èyí tí ikọ̀ rẹ̀ bá dé ìpele ikọ̀ 16 yóò gba 60,000 dọ́là, iye náà yóò sì máa gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò gba ife. Nígbà tí England fi bọ́ọ̀lù wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ lé Super Falcons jáde ní ìpele ikọ̀ 16, kò sí ẹni tí ó nílò láti bi ọ̀gá kankan léèrè pé èló ni ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ìkéde nìkan kì í fi owó sí àpò ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọ̀dọ̀ àjọ orílẹ̀-èdè ni owó náà ń gbà kọjá. Síbẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni gé e lẹ́nu lójú gbogbo ayé. Ní ti àjẹmọ́nú mìíràn tí àwọn obìnrin kan náà ní àjọ wa jẹ wọ́n láti ọdún 2021, èyí tí a kò kéde iye rẹ̀, ìdíje parí, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àgbáyé, FIFPRO, ṣì ń bá wọn pariwo rẹ̀.

Bí orí ẹnì kan bá pé láàárín wa, a máa ń ní ó pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kankan san. Irú alájọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni òkìkí rẹ̀ fi kàn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù ń fa igi sínú káàdì, oníbàárà sì ń mú káàdì tirẹ̀ lọ sílé. Àwọn àjọ eré ìdárayá wa fẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé wọn bí ẹni pé alájọ Ṣómólú ni wọ́n, láì fún ẹnikẹ́ni ní káàdì.

Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́. Ní ọdún 2019, àjọ eré orí pápá, AFN, bá ilé iṣẹ́ Puma tọwọ́ bọ àdéhùn aṣọ eré, èyí tí ìròyìn ní iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 2.76 dọ́là. Kò pẹ́ tí àjọ náà fi pín sí méjì. Apá kan ní àwọn ló tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí eré ìdárayá ní òun kò mọ̀ sí i. Nígbà tí Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Chukwuebuka Enekwechi, tí ń ju irin fún wa, yege láti kópa nínú àṣekágbá, ó sì gbé fídíò kan sórí TikTok níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹ̀wù eré kan ṣoṣo tí ó ní. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Puma fagi lé àdéhùn náà. Bí ìwé yẹn bá ti wà níta láti ọdún 2019, tí gbogbo eniyan rí ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, iye owó tí yóò wọlé lọ́dún, iye ẹ̀wù tí ó tọ́ sí eléré ìdárayá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó yẹ kí ó pín in, mo gbàgbọ́ pé awuyewuye náà ì bá ti bẹ́ sílẹ̀ nílé tipẹ́, kí ó má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wa ní Tokyo. Ó ṣeé ṣe kí a jà. Ṣùgbọ́n à bá jà lórí ohun tí ó wà nínú ìwé.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí máa ń sọ pé onígbọ̀wọ́ yóò sá lọ, pé kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò fẹ́ kí orogún òun mọ iye tí òun ná. Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ̀ mí létí rárá. Nítorí pé wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò Manchester United lọ́jà New York, kíláàbù náà gbọ́dọ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta. Ní ọdún 2023, ó kéde pé Adidas yóò san ó kéré tán 900 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún ọdún 10. Adidas kò sá. Ẹ jẹ́ ká tún mú ti Victor Osimhen wá. Kíláàbù rẹ̀, Galatasaray, wà lọ́jà ìpín ìdókòwò ní Turkey, nítorí náà nígbà tí wọ́n rà á tán ní ọdún 2025, wọ́n kọ ọ́ síta pé 75 mílíọ̀nù Yúrò ni wọ́n fẹ́ san fún Napoli, pé mílíọ̀nù 15 Yúrò ni òun fúnra rẹ̀ yóò máa gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, wọ́n sì kọ iye tí ó wà fún lílo àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo bí ó ti rí: ọmọ Nàìjíríà tí ó jókòó sí Ìbàdàn lè mọ owó tí Osimhen ń gbà ní Istanbul, ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tí Nàìjíríà jẹ ẹ́.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2018, wákàtí díẹ̀ kí Nàìjíríà tó kojú Argentina ní St Petersburg níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé, wọ́n pe John Mikel Obi, balógun ikọ̀ wa, lórí fóònù pé àwọn ajínigbé ti gbé bàbá rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè 10 mílíọ̀nù náírà. Ó wọ pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù náà tán, kò sọ fún àwọn ọ̀gá àjọ. Ìgbà kejì sì nìyẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ jí bàbá náà gbé ní ọdún 2011. Ní irú ìlú báyìí, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n lẹ iye tí ó ń wọlé fún òun mọ́ ara ògiri? Kí ajínigbé tilẹ̀ tó dé, ẹbí á ti dé. Owó ilé ìwé ni, owó òrùlé ni, ìnáwó òkú bàbá àgbà tí a ti sin láti ọdún mẹ́wàá ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, àfi kí ó jẹ́ pé kò ní ìbátan.

Ìdí nìyí tí mo fi ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Àjẹmọ́nú ikọ̀ orílẹ̀-èdè sábà máa ń jẹ́ iye kan náà fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí a pè. Bí a bá kéde rẹ̀, a kò tú àṣírí ọrọ̀ ẹnikẹ́ni, ohun tí a ṣèlérí ni a sọ. Ní ti owó kíláàbù, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ pinnu. Síbẹ̀, n kò ní ṣàì sọ pé ọ̀gá ni àṣírí sábà máa ń ṣe láǹfààní, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Gordie Howe, tí ó jẹ́ ìràwọ̀ eré hóckì orí yìnyín ní Detroit fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ń gba 45,000 dọ́là lọ́dún ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì gbà pé kò sí ẹni tí owó rẹ̀ ju tòun lọ nínú ikọ̀ náà. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Bobby Baun, ló là á lójú: Baun ń gba 67,000, ẹlòmíràn tún wà tí tirẹ̀ ju ìyẹn lọ. Howe lọ bá olówó kíláàbù, ó béèrè 100,000, wọ́n sì fún un. Owó náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Howe ni kò mọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí ìjà bá dé ilé ẹjọ́ ni a máa ń gbọ́ iye owó. Ní ọdún 2022, FIFA pàṣẹ kí NFF san owó tí ó lé ní 377,000 dọ́là fún Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé. Bẹ́ẹ̀, òfin tí ó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwífún ti wà láti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni ó fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti fèsì, ó sì kan ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń ná owó ìlú pẹ̀lú. Ó dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni àti àṣírí òwò, lóòótọ́, àmọ́ ó ní bí àǹfààní ìlú bá ju ààbò náà lọ, kí wọ́n tú u síta.

Bí ẹnikẹ́ni ní NFF bá ń wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àdéhùn wọn pẹ̀lú Nike, tí ó ti ń ṣe aṣọ fún àwọn ikọ̀ wa láti ọdún 2015, ni n ó kọ́kọ́ fẹ́ kà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun tí wọ́n ṣe fún Super Eagles tán lórí àtẹ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, àwọn eniyan tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí rẹ̀. Èló nínú owó yẹn ni ìwé náà ní ó jẹ́ ti Nàìjíríà, èló ló sì wọlé?