Orúkọ tí bàbá mi fi bírò pupa fagi lé

Èmi kò ní kọ orúkọ ọmọbìnrin yìí síbí, nítorí orúkọ gan-an ni ohun tó bá a fínra láti kékeré. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàdúná, láàárín àwọn Yorùbá tí òbí wọn ti Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá afárá Jẹ́bà wá wá oúnjẹ òòjọ́ ní Òkè Ọya. Ìlú kan náà ní ìpínlẹ̀ Kwara ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi ti wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣe, abẹ́ igi dóńgóyárò kan náà ni àwa ọmọ sì máa ń ṣeré sí lọ́jọ́ ìpàdé títí àwọn àgbà yóò fi ṣe tán.

Bàbá rẹ̀ lówó lọ́wọ́. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí iléeṣẹ́ ìjọba kan nígbà tí Shehu Shagari jẹ́ ààrẹ, òun ló sì san owó páànù tí wọ́n fi kan òrùlé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Bí ó bá wọlé, tọmọdé tàgbà a dìde, wọn a sì wá àga fún ọmọ rẹ̀ níwájú. Mo máa ń jowú àga yẹn gidigidi.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, Sani Abacha, tó jẹ́ bírígédíà nígbà náà, sọ lórí rédíò pé àwọn ológun ti gbàjọba. Muhammadu Buhari di olórí, Túndé Ìdíàgbọn tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin sì di igbákejì rẹ̀, inú àwọn àgbà wa sì dùn pé ọmọ Kwara wà nídìí ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olóṣèlú. Wọ́n mú bàbá rẹ̀ náà. Òfin ológun kẹta ti ọdún 1984 ló gbé àwọn ilé ẹjọ́ ológun dìde láti gba dúkìá ìjọba padà. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń jókòó, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò jẹ̀bi, débi pé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní àwọn kò ní yọjú síbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 21 tàbí 22 ni àwọn kan nínú àwọn ènìyàn ńlá gbà. Èmi kò gbèjà bàbá náà o. Owó kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn gbẹ́ sí ìlú wa ni ó jẹ, igbó ló sì wà níbẹ̀ títí di òní, mo ti fi ẹsẹ̀ mi débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọmọ rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n bá pè nínú ìròyìn lálẹ́ ni olùkọ́ máa ń pè nínú kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó bá sì ti kù díẹ̀ kí ó kan tirẹ̀, gbogbo wa a dákẹ́ lọ wọ̀ọ̀. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní WAI, ìyẹn ogun lòdì sí ìwà àìníbàáwí, nínú oṣù Kẹta, olùkọ́ kan ní kí ó dìde kí ó wá ṣàlàyé fún wa bí a ṣe ń jí owó ìlú. Ó dìde. Kò sọ nǹkan kan, kò sunkún, ó dúró bẹ́ẹ̀ títí agogo fi lù.

Nínú oṣù Kẹrin, ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, àhesọ sì gba àdúgbò pé owó bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, àti pé òru ni wọ́n ń hú u. Àwa ọmọ mẹ́rin lọ yọjú lórí ògiri. Ohun tí a rí ni ìyá rẹ̀ àti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí abọ́ ńlá kan ká, tí wọ́n ń bó ẹ̀wà. Wọ́n ti ti owó wọn pa ní báńkì, àkàrà ni ìyá náà ń dín lẹ́bàá títì ní Tudun Wada. A sọ̀ kalẹ̀, a sì lọ sílé láìbá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ yọ ìdílé náà. Bàbá mi ni akọ̀wé. Ìyá mi sọ fún un lálẹ́ pé ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ó bi í léèrè ohun tí aya àti ọmọ ṣe. Bàbá mi ní ìpinnu ẹgbẹ́ ni, ó sì ní kí ó gbé oúnjẹ wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Àwọn obìnrin Háúsá tó ń ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní kosai, kò bi ẹnikẹ́ni ní ilé tó ti wá. Àwa Yorùbá ni kì í lè rí ọmọdé kí a má bi í pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” Ìbéèrè ìfẹ́ ni, òun la fi ń mọ ara wa nílẹ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n mo ti rí i bí ó ṣe ń mú ara ọmọ kan gbọ̀n. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyá àgbà kan tó wá láti Jos bi í bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ó tó la ẹnu, èmi ti dáhùn. Mo pe orúkọ bàbá rẹ̀ ketekete, mo sì fi kún un pé, “Èyí tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n, mà.” Ìyá náà jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ nǹkan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Háúsá ló fi ń dá mi lóhùn. Kò pẹ́, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo wa, àárín àwọn ọmọbìnrin Háúsá ló sì ń jókòó sí. Àwọn àgbà ní ó ti sọ èdè rẹ̀ nù. Ó sá fún èdè tí gbogbo ènìyàn ti mọ bàbá rẹ̀ ni.

Ibrahim Babangida gbàjọba ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, wọ́n sì tú ọ̀pọ̀ olóṣèlú sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàbá rẹ̀ wà lára wọn. Ó tún gbé ọdún mọ́kànlá sí i ní Kàdúná láìwá sí ìpàdé kankan. Nígbà tí ó kú, ẹgbẹ́ mú aṣọ ẹbí, wọ́n ra màlúù, wọ́n sì kó ara wọn wá. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé tí wọ́n ti pa orúkọ wọn rẹ́. Èmi wà níbẹ̀. Bàbá mi ní ìwé náà ti sọnù.

Ọ̀pọ̀ wa ló ti kó wá sí Àbújá lẹ́yìn tí olú ìlú dé ibí ní ọdún 1991. Karu ni mò ń gbé, Kubwa ni òun wà. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo rí ìwé náà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Bírò pupa ni ó fi fagi lé wọn, ó sì fi rúlà fà á kó lè tọ́: bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún, títí kan èyí tí kò tíì pé ọdún kan.

Mo pè é. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí ní Yorùbá pé, “Orúkọ màámi náà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má yà á ní fọ́tò ránṣẹ́, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i, òun máa wá ní ọjọ́ Sátidé kan.

Kò tíì wá. Ìwé náà wà lórí tábìlì ní pálọ̀ mi, mo fi aṣọ bò ó nítorí eruku.