Jáàkì méjì tó sọ mí di agúnyán nílé àna mi

Tẹ́ ẹ bá rí àtẹ́lẹwọ́ mi ní ọjọ́ kẹta Kérésì, ẹ ó ní àgbẹ̀ ni mí. Ó lé ròrò, ó bó, kódà mi ò lè di síbí mú dáadáa. Èmi tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni mo ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ o. Káàdì ló fà á. Jáàkì méjì péré.

Kàbà la ti lọ ṣọdún, ilé àwọn ẹbí ìyàwó mi. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Owé nígbà ọyẹ́ á mọ bó ṣe máa ń rí, àwọn òkè tó yí ìlú ká á kàn máa hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, ètè á là, tírélà tó ń ti ọ̀nà Ọbajànà bọ̀ á sì tún bá wa gbé eruku tiẹ̀ kún un. Iná ò sí, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa wá kóra jọ sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ni bùrọ̀dá ìyàwó mi tó ń gbé l'Ábújá ṣe yọ páálí káàdì látinú àpò, ó ní ká ta póka.

Èmi ti ń ta póka lórí fóònù tipẹ́, nínú gosìlóò, níbi tí kò sẹ́ni tó rí mi tí mo bá ṣìṣe, torí náà mo gbà pé ọ̀gá ni mí. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní yunifásítì náà gbọ́ ọ díẹ̀. Ẹni kẹrin ni a ò rí. Ni Màmá, ìyá ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá ti atẹ sẹ́yìn, wọ́n ní "Ẹ pín tèmi. Ṣé ẹ rò pé Whot nìkan ni mo mọ̀ ni?"

Bùrọ̀dá ṣàlàyé fún wọn. Káàdì méjì méjì lẹ máa fi pamọ́ sọ́wọ́, wọ́n á ṣí mẹ́ta sílẹ̀ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan, wọ́n á tún ṣí ọ̀kan ìkẹyìn, ẹni tó bá fi tọwọ́ ẹ̀ àti tilẹ̀ to márùn-ún tó dáa jù ló jẹ. Níbi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti dúró, o lè fi nǹkan sílẹ̀, o sì lè ṣe ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ni pé kó o dákẹ́ kó o má fi nǹkan kan sílẹ̀. Màmá ní "Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n tún bi í pé kí lorúkọ èyí tó pupa tó rí bí ewé kókò yìí, Bùrọ̀dá ní háàtì ni, wọ́n ní ó dáa, ewé kókò làwọn máa pè é.

Díákónẹ́ẹ̀sì ni Màmá, kò sẹ́ni tó máa gbé owó síwájú wọn, ẹ̀pà sísun la fi ṣe é, 100 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn sì ni pé ẹni tí ẹ̀pà ẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló máa gún iyán alẹ́ fún gbogbo ilé, èèyàn 11. Ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìhà Kàbà, ẹ ò lè fi ẹ̀bà gba àlejò lọ́dún, ìjà lẹ wá yẹn. Kí n tún jẹ́wọ́ nǹkan kan: mo ti jẹ tó bí 14 nínú ẹ̀pà mi kí wọ́n tó pín káàdì àkọ́kọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú yanrìn gbígbóná jáde ni, kí ni kí n ṣe.

Ìṣe àkọ́kọ́, wọ́n pín 5 méjì fún mi. Inú mi dùn, mo ní ọkùnrin kì í bẹ̀rù. Wọ́n ṣí ilẹ̀, Éèsì, Kíǹgì, Kúìnì jókòó tò, kò síbi tí 5 lè fara pamọ́ sí níbẹ̀ yẹn, síbẹ̀ mo ń fi ẹ̀pà kún ẹ̀pà, mo ń ranjú mọ́ Bùrọ̀dá kí wọ́n lè sá, ìyẹn ni pé kí wọ́n ju káàdì wọn nù. Wọn ò sá o. Kíǹgì kan ló wà lọ́wọ́ wọn, ó bá ti ilẹ̀ di méjì, 40 lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tó jókòó sórí àpótí kan rẹ́rìn-ín, ó ní "Bàbá Ìbejì, ẹ rọra o." Mo bá pinnu nínú ara mi pé ó tán, mi ò ní le mọ́, màá máa rọra.

Ìpinnu yẹn gan-an ló pa mí.

Lẹ́yìn bí ìṣe mélòó kan, ẹ̀pà mi ti ku 37, mo ṣí káàdì mi, mo rí Jáàkì dúdú méjì. Ṣé ẹ mọ Jáàkì méjì? Ó dáa, àmọ́ kì í dáa pẹ́. Bí wọn ò bá tíì ṣí ilẹ̀, ó lé ọ̀pọ̀ káàdì, ṣùgbọ́n nínú ìgbà 100, bí ìgbà 57 ni Kúìnì, Kíǹgì tàbí Éèsì kan máa yọjú nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ kó wá kó ìpayà bá yín. Mo mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀ o. Mo mọ̀ pé kí n gbé e sókè lójú ẹsẹ̀, bíi 10, kí àwọn tó kó pàǹtí dání lè sá. Mo tiẹ̀ ti ka 10 sọ́wọ́. Ni mo bá gbójú sókè, ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Màmá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òtítọ́, báwo lèèyàn ṣe máa gbé ìyá ìyàwó ẹ̀ lé eré? Obìnrin tó fún mi lọ́mọ, tó tún fún mi níṣu? Mo dá 8 padà, mo fi 2 sílẹ̀ bíi gbogbo èèyàn. Gbogbo wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la wọlé.

Wọ́n ṣí mẹ́ta: 9 háàtì, 6 háàtì, 3 dúdú. Kò sí àgbà Jáàkì níbẹ̀! Èmi ni mo wà lókè. Ó yẹ kí n kọlù wọ́n níbí yìí gan-an, torí ewé kókò méjì ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá ní méjì lọ́wọ́ ń wá ẹyọ kan péré kó fi pé márùn-ún, ewé kókò márùn-ún sì máa ń na Jáàkì méjì. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti wọ̀ mí lórí, mo ní ẹ jẹ́ kí n fara pa mọ́ bí ológbò, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. Mo ṣe ṣẹ́ẹ̀kì. Gbogbo ilé ṣe ṣẹ́ẹ̀kì.

Ìkẹrin jáde, 4 dáyámọ́ǹdì. Màmá wò ó sún mọ́jú, wọ́n ní "Pupa ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé kókò." Ẹni tó bá ní etí á ti gbọ́. Èmi ò gbọ́. Mo fi ẹ̀pà 3 sílẹ̀, 3 lásán, bí ẹni ń ṣe sàárà. Àwọn méjì yòókù ju tiwọn nù. Màmá ka 3 tiwọn lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ní "Kò wọ́n kẹ̀."

Ìkarùn-ún: 10 háàtì.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ìgbà tó yẹ kí n le, mo rọ̀, ìgbà tí ewé kókò wá di mẹ́ta nílẹ̀ ni akin wá gbé mi dìde. Mo kó gbogbo ẹ̀pà 32 tó kù, mo tì í síwájú, mo ní "Màmá, ẹ má bínú o." Mo tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ tí mo sọ ọ́.

Màmá ò bínú. Wọ́n yíjú sí Bùrọ̀dá, wọ́n ní "Tó bá jẹ́ ewé kókò márùn-ún ńkọ́?"

Kíǹgì háàtì àti 2 háàtì ló wà lọ́wọ́ wọn látìbẹ̀rẹ̀! Àbúrò ìyàwó mi ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ìyàwó mi ti gbé fóònù jáde ó ń ká mi sílẹ̀, àwọn ìbejì ń jẹ ẹ̀pà mi lójú ayé mi kí Màmá tó kó o délé.

Bùrọ̀dá wá jókòó tì mí, wọ́n ń ṣe bíi dókítà. Wọ́n ní "Àna, nígbà tí wọ́n ṣí mẹ́ta yẹn, ewé kókò 9 ló kù nínú káàdì 47 tí Màmá ò tíì rí, bí o bá sì jẹ́ kí wọ́n rí méjèèjì tó kù lọ́fẹ̀ẹ́, bíi 35 nínú 100 ni wọ́n máa bá a pàdé. Kíǹgì tó kù náà lè wá bá wọn, ìyẹn ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ká ní o ti gbé 10 sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, Kíǹgì pẹ̀lú 2, wọ́n á ti jù ú nù."

Màmá dá wọn lóhùn látọ̀hún: "Ta ló ní n ó jù ú nù? Kíǹgì ló wà lọ́wọ́ mi, mo máa ju ọba nù?"

Bùrọ̀dá ní kò burú, wọn ò bá má jù ú nù, ṣùgbọ́n wọn ò bá sanwó ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀pà 3. "Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ìkẹyìn yẹn. Ewé kókò mẹ́ta nílẹ̀, o wá kó gbogbo ẹ̀pà ẹ sílẹ̀. Ẹni tí Jáàkì ẹ lè nà á ti sá lọ. Ta ló kù tó máa dá ẹ lóhùn, bí kì í ṣe ẹni tó ti nà ẹ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Iṣu ti ń hó lórí iná.

Èèyàn 11 o! Odó Màmá tóbi débi pé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì lè sùn sínú ẹ̀. Ọmọ odó wúwo, mo gún díẹ̀ mo sinmi, mo gún díẹ̀ mo sinmi, àwọn aládùúgbò ti ń bọ̀ wá wo àna tó ń gúnyán, oníkálukú ń kí mi "Òkun o, òkun o," mo ń dáhùn tèmi tìyà. Iṣu ò sì dúró dè mí, ó ń tutù, ó ń di kókó. Màmá yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n wo inú odó, wọ́n wò mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tún ń ṣe ṣẹ́ẹ̀kì ni?"

A jẹ iyán yẹn ṣá. Bùrọ̀dá ń ṣa kókó inú tiwọn sí etí abọ́, wọ́n ń kà á sókè, wọ́n ka á dé 9 kí ìyàwó mi tó bẹ̀ wọ́n.

Lánàá ni Màmá pè mí lórí fóònù. Mo kí wọn, "Òkun o, Màmá," wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní "Àwọn Jáàkì yín ńkọ́? Ṣé ara wọn ti yá?"