Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi yín kò bá tọ̀ dáadáa mọ́, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe

Ìlọrin ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a fi ń jẹun wà ní Jẹ́bà, lórí Odò Ọya. Àbúrò ìyàwó mi ló ń wà á. Ó ń fi kó ẹja, iṣu àti èèyàn láti àwọn abúlé etí omi wá sí ọjà. Tòkunbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀, họ́ọ̀sì 15, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ó ti gbó kí n tó rà á, síbẹ̀ ó sìn wá gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí títí dòní pé ọwọ́ mi ló fẹ́ẹ̀ kú sí.

Ẹ́ńjìnnì báyìí kò ní rẹdiétọ̀ bíi ti mọ́tò. Omi odò fúnra rẹ̀ ló ń mu. Ihò wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé, pọ́ńpù á tì í gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, á yí sílíndà ká, á sì padà sódò. Díẹ̀ nínú omi náà máa ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Ìtọ̀ yẹn ni kí ojú awakọ̀ máa wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.

Nígbà ọyẹ́ kan ni àbúrò mi pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí ti tín-ín-rín o." Mo ní kó fi wáyà gún ihò tí ìtọ̀ náà ń gbà jáde. Ó gún un, iyanrìn díẹ̀ jáde, omi sì tún ń tú. Ọkàn mi balẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹkáníìkì kan ti sọ fún un pé tẹmosítáàtì, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń dá omi dúró lókè títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, ló ń dí omi lọ́wọ́, kí a yọ ọ́ sọnù. Èmi náà ní kí wọ́n yọ ọ́. Owó pọ́ńpù tuntun ni mo ń sá fún.

Àárín odò ni wọ́n wà tí ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà, tí èéfín sọ, tó sì dákẹ́. Okùn tí wọ́n fi ń tan án kò ṣeé fà mọ́ rárá. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja mẹ́rin wà nínú ọkọ̀, omi sì ń gbé wọn lọ. Ọlọ́run ló yọ wá. Bàbá Tápà kan tó ń dẹ àwọ̀n nítòsí ló jù okùn sí wọn. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wọ èbúté.

Nígbà tó tutù tán, ó tún yí. Mo gbé e wá sí Ìlọrin, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe sì tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀tì náà ti dógùn-ún. Ẹ má fi agbára yọ wọ́n. Ọ̀kan kán mọ́ wa lọ́wọ́ kí a tó ní sùúrù láti da ọ́ìlì sí àwọn tó kù, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tú irin tó so jíà mọ́ òkè kí ẹ tó fa ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó tẹ̀ ẹ́.

Inú pọ́ńpù ni rọ́bà tí wọ́n ń pè ní ìmpẹ́là wà. Tiwa ní apá mẹ́fà. Inú ife irin ló ti ń yí, ẹ̀gbẹ́ kan ife náà sì há ju èkejì lọ: bí apá rọ́bà bá dé ibi tó há, á tẹ̀, bó bá kúrò níbẹ̀, á nà, á sì fa omi. Rọ́bà tó ti gan kò lè nà mọ́. Omi tó ń gbà á kọjá náà ni kì í jẹ́ kó jóná, nítorí náà ẹ má tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan.

Apá mẹ́rin péré la bá. A ra tuntun, a dè é, omi ò tíì tú dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: apá méjì tó já ń kọ́? Wọ́n ti bá omi gòkè. A rí ọ̀kan nínú páìpù. Èkejì wà lókè pátápátá, lábẹ́ ìdérí tẹmosítáàtì. Ẹ ka apá rọ́bà yín, bí kò bá pé, ẹ má dè é padà títí ẹ ó fi rí gbogbo rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ìmpẹ́là, ẹ fi ìka tẹ apá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ nà padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti le. Ẹ fi èékánná ha inú ife irin náà: bí èékánná bá ń kọ́ nínú ipa tí iyanrìn ti ha sí i, ẹ pààrọ̀ òun àti irin pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń ti ife náà bọ rọ́bà, ẹ máa yí irin àárín sí apá ọ̀tún bí aago ṣe ń yí, kí àwọn apá lè tẹ̀ síbi tó yẹ.

Mo dá tẹmosítáàtì padà. A so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná, ó sì ṣí kí omi tó hó, ara rẹ̀ dá. Ẹ́ńjìnnì tó tutù jù kì í jó epo rẹ̀ tán, púlọ́ọ̀gì á sì máa dúdú.

Inú dírọ́ọ̀mù omi la ti dán an wò. Ó tọ̀ kíákíá, ìtọ̀ náà sì lọ́wọ́ọ́rọ́. Mo kán omi sórí sílíndà, kò dún ṣàà.

Bí ìtọ̀ bá dá lójijì lórí odò, ẹ pa á, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè wò. Ọ̀rá piọ̀wọ́tà ló sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ihò ìmumi. Ọdọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, ni mò ń pààrọ̀ rọ́bà náà báyìí. Ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà rẹ̀, àjẹ̀ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.