Iṣẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kí Ẹ Tó Ra Graphics Card

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ fọ́tò, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù lọ ni irú graphics card (káàdì inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán) tí ẹ lè rà kí Lightroom àti Photoshop lè máa yára lórí kọ̀ǹpútà yín. N ó dárúkọ káàdì níwájú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí pé owó tí mo ná lórí káàdì àkọ́kọ́ tí mo rà kò dé ibi tí ìṣòro mi wà rárá.

Ní 2021, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìgbéyàwó ní Ìbàdàn. RAM inú rẹ̀, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kò ju 8 GB lọ, hard disk rẹ̀ sì jẹ́ irú ti àtijọ́ tó máa ń kùn bí oyin bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kó fọ́tò RAW (fáìlì kámẹ́rà tí a kò tíì tún ṣe) 1,500 sínú Lightroom, tí mo sì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ojú ìyàwó á kọ́kọ́ rí bàìbàì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó mọ́ kedere. Bí ẹ bá ṣírò márùn-ún yẹn lọ́nà 1,500, ẹ ó rí i pé ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ń dúró lásán. Mo gbà pé káàdì ni kò sí, mo fi oṣù mẹ́rin tu owó jọ, mo sì ra GTX 1650 oní-4 GB, káàdì ilé-iṣẹ́ Nvidia kan. Nígbà tí mo ki í bọ inú kọ̀ǹpútà náà tán, bàìbàì ọjọ́sí náà ni mo tún bá níbẹ̀.

Ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí n tẹ Performance, kí n sì máa wò ó bí mo ṣe ń lọ láti fọ́tò dé fọ́tò. Disk wà ní 100%, RAM ti kún dé ẹnu, káàdì tí mo fi oṣù mẹ́rin rà kò sì kọjá 5%. Mo pààrọ̀ hard disk náà sí SSD, irú disk tó yára jù ú lọ, mo sọ RAM di 16 GB, owó méjèèjì kò tó ìdajì owó káàdì, bàìbàì náà sì pòórá. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ káàdì àyàfi tó bá ti ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀, lórí fọ́tò tirẹ̀, ní àárín iṣẹ́ tó ń dà á láàmú gan-an.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ni pé kíkó fọ́tò wọlé, pípèsè preview àti ṣíṣí fọ́tò kan tẹ̀lé òmíràn, ọwọ́ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), RAM àti disk ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ti káàdì ni bí fọ́tò ṣe ń yí padà lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fa slider nínú Develop, ibi tí a ti ń tún fọ́tò ṣe nínú Lightroom, àgàgà lórí mọ́nítọ̀ 4K. Nínú Photoshop, òun ló ń gbé àwọn irinṣẹ́ bíi Liquify, Blur Gallery àti Camera Raw ró. Láti Lightroom Classic 11.4 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2022, káàdì ti lè dá sí export, ìyẹn gbígbé fọ́tò tó parí jáde, pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ohun tó yí èrò mi padà nípa káàdì ni Denoise, irinṣẹ́ tó ń gba èérún kúrò lára fọ́tò, tí Adobe tó ni Lightroom fi sínú Lightroom Classic 12.3 ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Ẹ mọ bí gbọ̀ngàn òde alẹ́ ṣe máa ń rí: iná aláwọ̀ àlùkò láti òkè, òkùnkùn nísàlẹ̀, kámẹ́rà ti gun ISO 6400. Mo rántí fọ́tò ìyá ìyàwó kan tí gèlè rẹ̀ ṣíji bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sókè, awọ ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán kún fún èérún bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lójú. Denoise gba gbogbo iyanrìn yẹn kúrò, ó sì fi ìlà aṣọ òkè sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó gba GTX 1650 mi tó ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣe fọ́tò oní-megapixel 24 kan ṣoṣo. Ọgọ́ta irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo gbé e sórí RTX 3060, fọ́tò kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìyàtọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn Tensor core, apá kan tí Nvidia dá sọ́tọ̀ sínú àwọn káàdì RTX fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, èyí tí GTX 1650 kò ní rárá. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti òde alẹ́ àti inú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ́lẹ̀, káàdì gidi yóò pa owó rẹ̀ wọlé fún yín. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò inú stúdíò, níbi tí iná ti pé, owó yẹn wúlò síbòmíràn.

Bí ẹ bá wá fẹ́ rà á, iye VRAM, ìyẹn memory ti káàdì fúnra rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Fún Denoise, 8 GB ni ìmọ̀ràn Adobe, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ láti inú ìrírí mi. RTX 3060 oní-12 GB fi àyè sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé wọ́n tún ṣe 3060 oní-8 GB tí agbára rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń tà á sì lè má sọ ọ́ fún yín. RTX 4060 ní 8 GB, wátì 115 ló sì ń jẹ nígbà tí 3060 ń jẹ 170. Fún ẹni tó ń fi inverter ṣiṣẹ́ títí di òru, n ó ní kó mú 4060. Káàdì Radeon ti ilé-iṣẹ́ AMD náà ń bá Lightroom ṣiṣẹ́. Nvidia ni mo ti fọwọ́ ara mi lò ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé power supply, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Nvidia ní kí ti kọ̀ǹpútà tí ẹ ó fi 3060 sí tó wátì 550, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tóóró tí a ń rà ní tòkunbọ̀ kò ju 240 lọ, àpótí wọn kò sì gba káàdì tó ga. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè gbé GTX 1650, nítorí wátì 75 ni, ó sì lè gba gbogbo iná rẹ̀ láti ojú ihò tí a ki í bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé èyí tó kúrú ni ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń béèrè wáyà iná mìíràn.

Ní ti káàdì tòkunbọ̀, ẹ má sanwó kí ẹ tó rí i lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tí Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, fi mining (fífi káàdì wa owó náà) sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bọ́ sọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ń yí orúkọ káàdì àtijọ́ padà kó lè máa jẹ́ tuntun lójú Windows. Ẹ gbé GPU-Z, ètò kékeré tó ń fi ohun tí káàdì jẹ́ hàn, sórí flash, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á. Bí káàdì Nvidia bá jẹ́ ayédèrú, ó sábà máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ líle fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo bó ṣe ń gbóná sí.

Ẹ̀yin míràn rò pé káàdì olówó ńlá ni yóò jẹ́ kí àwọ̀ ara ènìyàn jáde bó ṣe yẹ. Mọ́nítọ̀ ló ni ìyẹn: irú IPS tó gbé gbogbo àwọ̀ sRGB (ìwọ̀n àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ ń lò) pé, tí a sì fi ẹ̀rọ calibration tún àwọ̀ rẹ̀ tò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní dandan ni kí ẹ ra Quadro, káàdì Nvidia fún iṣẹ́ ńlá, nítorí àwọ̀ 10-bit, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Láti 2019 ni Studio Driver, driver tí Nvidia ṣe fún iṣẹ́ bíi tiwa, ti fún GeForce (ìdílé GTX àti RTX) náà láyè rẹ̀ nínú Photoshop.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan pè mí wá sí ilé rẹ̀ pé káàdì RTX tí òun rà kò yàtọ̀ sí àìsí. Mo ṣí Preferences nínú Lightroom, mo lọ sí Performance, orúkọ Intel, ti káàdì inú processor, ni mo bá níbẹ̀. Mo tẹ̀ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: ojú motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ni ó ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ojú káàdì. Mo yọ ọ́, mo ki í bọ ojú káàdì, mo pa Lightroom, mo tún un ṣí. Orúkọ RTX hàn níbẹ̀, Denoise tó ti ń dúró dè láti àárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.