Ìwé tí mo dáná sun

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ìtàn kan sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́rin. Lóru ọjọ́ kan mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú tì mí. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, mo da kẹrosíìnì sí i, mo ṣáná sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn gbólóhùn ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn ìgbésí ayé Franz Kafka, ọmọ Júù ará Prague tó ń fi èdè Jámánì kọ̀wé. Òfin ló kà. Láti 1908 títí di 1922, iléeṣẹ́ ìbánigbófò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ló ti ń jẹun. Aago méjì ọ̀sán ló ń jáde. Ó di òru kó tó gbé kálàmù. Lóru ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1912, ó jókòó láago mẹ́wàá, kò dìde títí di aago mẹ́fà ìdájí, ìtàn kan sì parí. Ìyẹn dùn mọ́ ọn nínú gan-an. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì sun ọ̀pọ̀. Èyí tó kù, ó kọ̀wé sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Max Brod, pé kó sun ún láìkà á bí òun bá kú. Brod ti sọ fún un lójúkojú pé òun ò ní í ṣe é.

Ikọ́ ife pa Kafka ní 1924, ó ku oṣù kan kó pé ẹni ọdún 41. Láàárín ọdún mẹ́ta sígbà náà, Brod ti gbé ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta jáde nínú ohun tó fi sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Hitler ń bọ̀ wá gba Prague ní 1939, ó kó àwọn ìwé náà sínú àpótí, ó gbé wọn sá lọ sí Palestine.

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Èmi ò fi ìtàn tèmi han ẹnikẹ́ni rí, kò wá sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá nìkan ṣèdájọ́ ìwé yín, pàápàá lóru tó bá ti rẹ̀ yín. Ẹ fún ẹnì kan ní ẹ̀dà rẹ̀: ẹni tó ń kàwé, tó fẹ́ràn yín, tó sì lórí kunkun. Orí kunkun yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù.

Èyí tí mo ń kọ báyìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan n'Íbàdàn ni ẹ̀dà rẹ̀ wà. Lóṣù tó kọjá mo pè wọ́n pé kí wọ́n bá mi ya á dànù. Wọ́n ní àwọn ti dé orí keje, kí n má tíì pe àwọn títí àwọn ó fi kà á tán.