Kí n tó gba kọ́kọ́rọ́
Ẹni tó fẹ́ fún mi ní mọ́tò tí mo háyà lónìí ti na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní kí n kàn buwọ́ lùwé. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo fi fóònù ya fídíò mọ́tò náà yíká: táyà, gíláàsì, gééjì epo. Abẹ́ bọ́ńpà ni mo ti rí ibi tó ti ha. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ó lọ́ra, àmọ́ ó kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú mú yín fo èyí. Bí kò bá sí nínú ìwé, wọ́n lè ní ẹ̀yin lẹ ha á, kí wọ́n yọ owó àtúnṣe nínú owó tí wọ́n dè mọ́ káàdì yín títí ẹ ó fi dá mọ́tò padà. Ẹ tún béèrè iye tẹ́ ẹ máa san fúnra yín kí ìnṣọ́ránsì tó san tiẹ̀.