Worker púpọ̀ kọ́ ló ń mú test yá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ Python, ọ̀rọ̀ test (kóòdù tó ń yẹ kóòdù yín wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa) tó ń pẹ́ yìí ń dùn mí gan-an, torí tí test bá ti ń pẹ́ jù àwọn èèyàn kì í run ẹ̀ mọ́, wọ́n á kàn push kóòdù wọn lọ bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà la ó tó mọ̀.

pytest-xdist wà ńlẹ̀ o, àfikún ni sí pytest tá a fi ń run test, ó máa ń pín test fún worker púpọ̀ kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tẹ `pytest -n auto`, á wo iye core (apá tó ń ṣe ìṣirò nínú CPU) tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, á dá worker tó bá a mu sílẹ̀. Process (Python tó ń ṣiṣẹ́ láyè ara ẹ̀) ni worker kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe thread (iṣẹ́ tó ń lọ nínú process kan náà), torí GIL, àgádágodo inú Python, kì í jẹ́ kí thread méjì ṣe ìṣirò Python pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni pé kálukú wọn ló máa import kóòdù yín fúnra ẹ̀, táá sì jẹ RAM tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tí test yín ò bá pọ̀, ìmúra yẹn nìkan lè pẹ́ ju iṣẹ́ gan-an lọ.

Ẹni tó wá ní core mẹ́rin tó lọ kọ `-n 16` ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìṣirò ni test ẹ̀ ń ṣe, ọkọ́ mẹ́rin ló kó fún àgbẹ̀ mẹ́rìndínlógún yẹn, wọ́n á kàn máa já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé dátábéèsì àbí network ni wọ́n ń dúró dè, èèyàn lè kọjá iye core díẹ̀. Ẹ dán 2, 4, 6, 8 wò, ibi tí àsìkò ò bá ti dín kù mọ́, ẹ dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n `pytest --durations=10` ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ o, jọ̀ọ́! Á to test mẹ́wàá tó pẹ́ jù síta. Test kan tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ò báà ní ọgọ́rùn-ún core, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ò ní dín, ẹ lọ wò ó bóyá ẹnì kan ló fi `sleep(180)`, tó ń ní kó kàn dúró lásán, síbẹ̀.

Ti Django (tá a fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù ní Python) ò le, àfikún pytest-django á dá dátábéèsì lọ́tọ̀ fún worker kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí gw0, gw1 lẹ́yìn orúkọ wọn. Fáìlì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀: test méjì ń kọ sínú `/tmp/out.json` kan náà, ó pass láàárọ̀, ó fail lálẹ́, gbogbo ilé á wá máa sọ pé xdist ò dáa. Ẹ lo `tmp_path`, pytest á fún test kọ̀ọ̀kan ní fódà tiẹ̀. Èyí tí ò bá ṣeé yà rárá, ẹ fi `xdist_group` sàmì sí wọn kẹ́ ẹ wá run ẹ̀ pẹ̀lú `--dist loadgroup`, worker kan ṣoṣo á ṣe gbogbo wọn.